Ilé Bàbá Tí A Fẹ́ Tà

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti di onílé ní ìlú yìí nígbà tí èmi ṣì ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ogún ilé. Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ni kí n máa wo ilé, kí n wo ilẹ̀ rẹ̀ àti òrùlé rẹ̀, kí n sì kọ iye tí ó tó sínú ìwé. Láti Kawo dé Sabon Tasha, mo ti jókòó ní pálọ̀ ẹbí tí ó pọ̀, tí àwọn kan fẹ́ tà, tí àwọn kan kò fẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n màá gba ọ̀nà jíjìn dé ibẹ̀. Màá gba ilẹ̀ Faransé kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

ILÉ OLÓKÙÚTA LÁÀÁRÍN ỌGBÀ ÀJÀRÀ

Ní agbègbè Bordeaux, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, èso àjàrà ni wọ́n ń gbìn bí àwọn àgbẹ̀ wa ṣe ń gbin àgbàdo ní ẹ̀yìn Kaduna níbí. Ọtí wáìnì ni wọ́n ń fi í ṣe. Láàárín àwọn ọgbà wọ̀nyí ni àwọn ilé ńlá olókùúta wà tí wọ́n ń pè ní château. Àwọn ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ ayé àtijọ́ ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Òmíràn ti lo 300 ọdún, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè bọ́ sọ́jà láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tà wọ́n, òmíràn sì wà tí owó rẹ̀ kò tó owó ilé kan ṣoṣo ní Ikoyi.

Kí ló fà á? Àkọ́kọ́ ni òfin ogún. Òfin tí Napoleon fi lélẹ̀ ní 1804 sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò pín ogún bàbá wọn, àti pé bàbá kò lè fi ìwé ìhágún yọ ọmọ kan kúrò pátápátá. Òfin kan náà sọ pé a kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni pé kí òun àti àwọn mìíràn máa jùmọ̀ ní ohun ogún lọ títí. Bí ọmọ márùn-ún bá jogún château, tí ọ̀kan ṣoṣo sì sọ pé owó òun ni òun fẹ́, àwọn mẹ́rin yòókù ní láti ra ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé lè lọ sọ́jà. Ìjọba náà tún dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń retí owó orí lórí ogún. Láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú bàbá ni ó yẹ kí wọ́n san án, ó sì lè dé 45 nínú 100 lórí ogún tí ó bá pọ̀ gan-an. Níbo ni àwọn ọmọ yóò ti rí i? Ilé ni wọn yóò tà.

Ohun kejì ni òrùlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí bí ẹni tí ó ti gun àjà ilé púpọ̀: ilé kì í ti ìsàlẹ̀ kú, orí ni ó ti ń kú. Ibi tí omi bá ti rí ọ̀nà wọlé, igi àjà yóò jẹrà, ògiri yóò mu omi, kò pẹ́ kò jìnnà, ewé yóò hù lára ògiri. Òrùlé château tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé mìíràn lọ. Ọgbà àjàrà ni ó ń bọ́ ilé náà. Ọdún tí wáìnì kò bá tà, òrùlé yóò máa jò.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yí ọwọ́. James de Rothschild ra Lafite ní 1868. Clarence Dillon, ọmọ Amẹ́ríkà, ra Haut-Brion ní 1935. François Pinault ra Latour ní 1993. Láti nǹkan bí ọdún 2008 ni àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, wọ́n sì ra ju 100 lọ ní agbègbè Bordeaux, kó tó di pé ọ̀pọ̀ nínú wọn tún gbé tiwọn sọ́jà. Ọlọ́rọ̀ kan láti Hong Kong tilẹ̀ yí orúkọ ilé tí ó rà padà ní 2017, ó sọ ọ́ di Lapin Impérial, ìyẹn Ehoro Ọba. Ẹ lè fojú inú wo bí ara ṣe ta àwọn ará Bordeaux. Wọ́n fara mọ́ ọn pé àjèjì ra ilé, ṣùgbọ́n orúkọ ilé ni wọ́n ní kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn.

Àwọn ọmọ Áfíríkà náà ti dé ibẹ̀. Bokassa, tí ó fi ara rẹ̀ jẹ ọba ní Central African Republic, ní château ní Hardricourt, nítòsí Paris. Wọ́n lé e lórí oyè ní 1979, ó gbé ní Abidjan, ó sì padà sínú ilé náà láti ìparí 1983 títí di 1986 kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí Bangui. Ó kú ní 1996. Ní 2011, wọ́n lu ilé náà ní gbàǹjo.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìkan yìí sọ́kàn títí dìgbà tí màá fi parí. Château kan wà ní abúlé Les Trois-Moutiers, orúkọ rẹ̀ ni La Mothe-Chandeniers. Iná jó o ní 1932, igi sì hù jáde láàárín pálọ̀ rẹ̀. Ní 2017, ó ju 18,000 ènìyàn lọ tí wọ́n dá owó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àádọ́ta Yúrò lẹ́nì kan ni èyí tí ó kéré jù, wọ́n sì rà á ní 500,000 Yúrò. Gbogbo wọn ni wọ́n jùmọ̀ ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ṣe. Ìjọba Faransé náà dá tẹ́tẹ́ lọ́tìrì kan sílẹ̀ ní 2018 tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ tún ilé àtijọ́ ṣe. Àwa náà ń ta tẹ́tẹ́, a kàn ń fi tiwa tún ilé ẹlòmíràn ṣe ni.

ILÉ FERNANDEZ NÍ TINUBU

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn kan nínú wọn ra ara wọn padà tí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi wálé, àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí irú rẹ̀ ní Èkó wálé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1894, João Baptista da Costa tí í ṣe Àgùdà ni ó kọ́ ọ. Ẹ rí i pé Mùsùlùmí ni ó ni mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ó ti ilẹ̀ àwọn Kátólíìkì dé ni ó sì kọ́ ọ, kò sì sí ìjà. Ilé Omi wà ní Kakawa Street pẹ̀lú, tí João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lọ sí Bahia ní kékeré, kọ́. Inú kànga ilé náà ni àwọn aládùúgbò ti ń ra omi mímọ́.

Ṣùgbọ́n ilé tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó wà ní Tinubu Square. Ọdún 1855 ni wọ́n sọ pé ìdílé Fernandez kọ́ ọ, wọ́n sì ń ta oúnjẹ àti ọtí nísàlẹ̀ rẹ̀. (Ọdún kan náà gan-an ni àwọn ará Bordeaux to wáìnì wọn sí ipò kìíní dé ìkarùn-ún nítorí àfihàn ńlá ti Napoleon Kẹta ní Paris, ètò náà sì wà títí di òní.) Ní 1933, ìdílé Fernandez ta ilé náà fún Alfred Omolona Olaiya, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Isu ní Èkìtì. Òun ni bàbá Victor Olaiya tí ó ń fun kàkàkí, tí àwọn àgbà inú wa jó sí orin rẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ilé náà ní Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ìgbà tí ìròyìn náà jáde, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni pé ẹ ò rí i bí, a kì í ta ilé bàbá. Mo yọ̀ǹda fún wọn, ṣùgbọ́n èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Títà tí àwọn Fernandez ta ilé yẹn ní 1933 kò pa á. Ẹni tí ó rà á fẹ́ ẹ, ó fún un ní orúkọ tuntun, ilé náà sì tún lo 83 ọdún sí i. Ohun tí ó pa á ni pé ó di ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tí kò sì sí ẹni tí ó ń tún un ṣe. Òfin ní kí ẹbí má fọwọ́ kàn án. Òfin kò gun àkàbà lọ dí òrùlé. Ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé sì ti wọ́n ju ilé lọ, nítorí àárín gbùngbùn Èkó ni. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe mọ̀ pé ọjọ́ tí ilẹ̀ bá ti wọ́n ju ilé orí rẹ̀ lọ, ewu dé.

Àwọn Faransé ní òfin tiwọn láti ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Onílé kò gbọdọ̀ wó ilé tí ìjọba bá ti kọ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba máa ń dá sí owó àtúnṣe. Ó lé ní 40,000 ilé tí òfin yìí bò. Ibẹ̀ ni àwa àti àwọn ti yàtọ̀: àwa mú òfin, a fi owó sílẹ̀.

KADUNA TIWA

Ìlú tí a wà yìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 1917 ni Kaduna di olú-ìlú Àríwá dípò Zungeru. Rélùwéè ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Àwọn ará Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọjà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textile bẹ̀rẹ̀ ní 1957, iṣẹ́ pọ̀ sí i. Owó oṣù kékeré ni wọ́n fi kọ́ ilé, búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá lónìí, ogún lọ́la. Mo ti rí ilé tí ó gba ọdún méjìdínlógún kó tó ní òrùlé. Ẹni tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kọ́ ọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá máa bá ara wọn ṣẹjọ́ nínú rẹ̀.

Ọdún 2000 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ìjà oṣù Kejì àti ti oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, lẹ́yìn náà ti oṣù Kọkànlá 2002, ẹ̀yin tí ẹ rí i kò nílò kí n sọ ọ́. Lẹ́yìn ìjà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tí ó wà ní gúúsù odò kó wá sí ìhà ìhín, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì tí ó wà ní ìhà ìhín kó lọ sí gúúsù. Àwọn kan ta ilé wọn ní owó pọ́ọ́kú, àwọn kan tilẹ̀ fi ilé rọ́pò ilé, láìsí lọ́yà, láìsí ìwé. Yorùbá nìkan ni ẹ̀yà tí ó ní ènìyàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọ̀tún àti òsì nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nínú ẹbí kan ṣoṣo nígbà mìíràn. Èrò mi nìyẹn, ẹni tí ó bá ní èyí tí ó yàtọ̀ yóò rí àyè sọ ọ́. Ní ìgbà yẹn mo kọ iye ilé sínú ìwé fún àwọn ènìyàn, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò sì ka ìwé. Ẹni tí ó ń sá kì í dúnàá-dúrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣètò ilé nígbà tí ara bá tù wọ́n.

Ilé kan wà ní ìlú yìí tí kò lọ sọ́jà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1966, àwọn ṣọ́jà kọlu ilé Sardauna, Sir Ahmadu Bello, wọ́n pa á síbẹ̀, wọ́n sì ba ilé jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ilé náà di kango, bí àwọn aládùúgbò wa ṣe ń pe ilé ahoro. Ṣùgbọ́n ní 1970, wọ́n sọ ọ́ di Arewa House, ibi ìwádìí ìtàn, Yunifásítì Ahmadu Bello sì ń bójú tó o. Èmi fúnra mi ti kàwé níbẹ̀. Ilé tí wọ́n bá fún níṣẹ́ ṣe kì í tètè wó.

TA NI Ó LẸ́TỌ̀Ọ́ LÁTI TÀ Á?

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Nínú àṣà Yorùbá, bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Gbogbo ọmọ ni ó ni ín, ọkùnrin àti obìnrin. Kóòtù ti fìdí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin múlẹ̀ nínú ilé ẹbí láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, nítorí náà kí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin má sọ fún àbúrò wọn obìnrin pé ilé ọkọ ni ogún rẹ̀ wà. Dáwódù ni olórí ẹbí, ṣùgbọ́n olórí ẹbí kì í ṣe onílé. Bí ó bá dá ilé tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, kóòtù lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Bí ọmọ ẹbí mìíràn bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá fẹnu kò pé kí wọ́n tà, báwo ni wọn yóò ṣe pín in? Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ rìn títí dé Privy Council ní London, ọdún 1962 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ìdí-igi ni wọ́n fọwọ́ sí: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà. Kí ẹ lè rí i, ká ní ilé kan tà ní ₦36 mílíọ̀nù fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Lórí ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ₦9 mílíọ̀nù. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ yóò dá gba ₦9 mílíọ̀nù, àwọn tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá tiwọn yóò gba ₦2,250,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Lórí orí-ò-jorí, oníkálukú yóò gba ₦4 mílíọ̀nù. Ẹ rí i pé àwọn mẹ́rin àti ọ̀kan kò ní gbà lórí èyí tí ó dára. Ó sàn kí bàbá sọ ọ́ kó tó kú.

Ti àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n tẹ̀ lé òfin Islam yàtọ̀: ìpín ọmọkùnrin jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn ní ọmọ yóò sì jùmọ̀ pín ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn Hausa aládùúgbò wa mọ èyí ju wa lọ. Wọn kì í jẹ́ kí gidan gado pẹ́ láìpín. Ìṣòro tiwa ni pé ẹbí kan náà ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú, oníkálukú sì ń mú òfin tí ó bá wù ú.

Àwọn kan rò pé nítorí a ń gbé ní Kaduna, àṣà ogún Yorùbá kò bá wa dé ibí. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Olowu àti Olowu tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1985. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá náà, ó gbé ní Benin, ó sì gbàṣẹ di ọmọ Bìní pátápátá nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kóòtù fi ní àṣà Bìní ni kí wọ́n fi pín ogún rẹ̀. Kì í ṣe gbígbé ibẹ̀ nìkan ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí.

Bákan náà, láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilé tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìwé tí mai unguwa fọwọ́ sí dára gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ti gómìnà.

OHUN TÍ MO RÒ PÉ A LÈ ṢE

Àwọn ọmọ wa ti wà ní Kánádà, ní London, ní Houston. Wọn kò ní padà wá gbé Ungwan Shanu, ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa á láṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ ta ilé, ilé náà yóò wà níbẹ̀, alángbá yóò sì gba yàrá. Èmi rò pé kí wọ́n tà á bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n kí ọmọ ẹbí kọ́kọ́ ní àyè láti rà á, fún oṣù mẹ́fà, ní iye tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá kọ sílẹ̀. Bí ẹbí kò bá lè rà á, kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́. Àwọn 18,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò mọ ara wọn rí, wọ́n ra château. Àwa tí a mọ ara wa, tí a ń dá owó òkú àti owó ìgbéyàwó, ṣé a kò lè ra ilé kan ní àdúgbò yìí, kí a fi yàrá méjì ṣe ibi ìpàdé, kí a fi ìyókù gba owó ilé?

Kí a tó dé ibẹ̀, ìwé ni àkọ́kọ́. Ìwé ilẹ̀, ìwé súfeyọ̀, rìsíìtì owó ilẹ̀, orúkọ gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, àti ìyá tí ó bí oníkálukú. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni mo bá tí ìwé wọn wà nínú àpótí ìyá àgbà, tí ikán sì ti jẹ ìdajì. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà lókè òkun. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ ìwé ìhágún. Kò pa ènìyàn. Mo ti kọ tèmi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mo ṣì wà níwájú yín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní fọ́ọ̀mù kan lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé, ọdún tí ó kọ́ ọ, ibi tí ó wà àti ìwé tí ó wà lọ́wọ́ nìkan ni a ń béèrè. A kò béèrè iye tí ó tó. Ẹ mú un lọ sílé, ẹ bá àwọn ọmọ yín kọ ọ́, kí ẹ dá a padà ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Mo wà níbí títí di ìgbà oúnjẹ fún ẹni tí ó bá ní ìbéèrè.